Aago Kì Í Dúró De Ìkúnlẹ̀

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní kí n wá bá àwọn sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ tí mo ṣe. Wọ́n ní gbogbo ẹni tó ti fẹ̀yìntì ló máa sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, láti orí nọ́ọ̀sì dé orí àwọn tó ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú. Mo rẹ́rìn-ín, nítorí ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mí. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni, mo ti fẹ̀yìntì. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi ṣe iṣẹ́ kan, mo sì ti gbé e sílẹ̀. Ohun tí n kò lè ṣe ni kí n dúró níwájú èrò kí n di makirofóònù mú. Láti kékeré ni ojú ti máa ń tì mí. Mo sọ fún wọn pé màá kọ ọ́, kí ẹlòmíràn bá mi kà á. Ìwé tí mo kà kò pọ̀. JSS 2 ni mo ti dúró ní Ṣágámù nígbà tí màmá mi kú, nítorí náà ẹ má retí ọ̀rọ̀ ńláńlá.

Iṣẹ́ aago ni mo ṣe, aago bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, èyí tí gbogbo wa ń pè ní básíkẹ́tì. Bí ẹ bá wọ gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń gbá a, ẹ ó rí tábìlì gígùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Èèyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló máa ń jókòó síbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń wò wọ́n. Ọ̀kan ń kọ ayò sínú ìwé. Ọ̀kan di suwíìṣì aago mú. Èmi ni mo máa ń di suwíìṣì mú. Bí rẹfirí bá fọn fèrè, màá dá aago dúró. Bí wọ́n bá ju bọ́ọ̀lù padà wọlé, tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni bá kàn án, màá tú aago sílẹ̀. Iṣẹ́ náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó rọrùn láti sọ.

Bí mo ṣe dé ìdí rẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà tí mo dé Manchester. Bàbá Adéoyè, alàgbà ìjọ wa tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Alàgbà, ni wọ́n ra kóòtù òtútù àkọ́kọ́ fún mi, àwọn náà ni wọ́n bá mi wá iṣẹ́ ìmọ́tótó ní gbọ̀ngàn ìdárayá kan ní Wythenshawe. Iṣẹ́ ìmọ́tótó yẹn ló ń san owó ilé títí dòní. Owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ọ̀sán ni wọ́n ń fún wa nídìí aago. Síbẹ̀, bí ẹ bá bi mí pé iṣẹ́ wo ni mo ṣe láyé, aago ni màá sọ.

Ẹni tó kọ́ mi ni Àǹtí Rónkẹ́. Obìnrin kúkurú ni wọ́n, ọmọ Ọ̀tà, wọ́n máa ń fi okùn so gígíláàsì wọn mọ́ ọrùn. Bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń wà láàárín ọ̀sẹ̀, wọ́n ń gba Stockport Road kọjá ní Levenshulme lọ sí àárín ìlú. Tó bá di òpin ọ̀sẹ̀, wọ́n á wá jókòó sí tábìlì básíkẹ́tì, wọ́n á máa kọ ìwé ayò. Lọ́jọ́ kan mò ń fi mọ́ọ̀pù nu òógùn tó kán sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, wọ́n sì pè mí.

"Ìwọ ọmọ yìí, kí ló dé tí mọ́ọ̀pù rẹ máa ń dúró bí fèrè bá dún?"

"Mi ò mọ̀ pé ó ń dúró, Mà."

"Ọwọ́ rẹ mọ̀. Kí lorúkọ rẹ?"

"Títílọpẹ́ ni, Mà."

"Gbé mọ́ọ̀pù yẹn sílẹ̀, Títí. Wá jókòó síbí."

Bí mo ṣe di ọmọ iṣẹ́ nìyẹn. Mo rò pé ọ̀sẹ̀ méjì ni màá fi kọ́ ọ. Oṣù mẹ́jọ ni Àǹtí Rónkẹ́ kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan suwíìṣì gidi. Aago kékeré kan, irú èyí tí àwọn sárésáré ń lò, ni wọ́n fún mi, wọ́n ní kí n máa wọ bọ́ọ̀sì wọn ní gbogbo Thursday tí ọwọ́ mi bá dilẹ̀. Ìjókòó iwájú ni mo máa ń wà. Bí ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì bá pa dé, kí n tẹ aago. Bó bá ṣí, kí n tẹ̀ ẹ́. Àárọ̀ títí di ọ̀sán. Àwọn èrò á máa wò mí bí ẹni pé orí mi kò pé. Ojú á tì mí débi pé màá máa wo bàtà mi, Àǹtí Rónkẹ́ á sì rí i nínú dígí wọn.

Tí a bá dé ìparí ọ̀nà, wọ́n á yíjú sí mi. "Ilẹ̀kùn mélòó lo pàdánù?"

"Méjì, Mà."

"Mẹ́ta ni. Nígbà tí ìyá oníbéèbì yẹn wọlé, ìwọ ń bá béèbì ṣeré."

Wọ́n le. N kò ní purọ́ fún yín. A kì í jẹun nídìí tábìlì wọn, a kì í pàtẹ́wọ́, a kì í kígbe bí bọ́ọ̀lù bá wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá ẹni ló jù ú. Fóònù kò gbọdọ̀ yọ láti inú àpò. Wọ́n máa ń sọ pé, "Nídìí tábìlì, kò sí ọmọ wa, kò sí ọmọ wọn. Bọ́ọ̀lù àti ọwọ́ ló wà." Lọ́jọ́ tí mo rẹ́rìn-ín nítorí pé rẹfirí ṣubú, wọ́n dá mi padà sídìí mọ́ọ̀pù fún oṣù kan. Mo sunkún nínú yàrá ìkó-ọṣẹ-sí, mo nu ojú mi, mo padà. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Tó bá di pé àwọn èèyàn ń bi mí pé kí ni ohun tó wù mí níbi iṣẹ́ yìí, ìdíje ìparí ọdún ni. Kọ́lẹ́jì mẹ́jọ ló kóra jọ tí wọ́n ń pe àjọ wọn ní conference. Láti October ni wọ́n ti ń bá ara wọn gbá a káàkiri. Ní oṣù kẹta, gbogbo wọn á wá sí gbọ̀ngàn wa ní Wythenshawe fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni tó bá fìdí rẹmi á lọ sílé lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kẹta, ẹgbẹ́ méjì péré ló kù, ife kan ló wà lórí tábìlì wa, wọ́n á fi aṣọ bò ó. Ẹni tó bá di aago mú ní àṣekágbá, wọ́n gbà pé ó mọ iṣẹ́. Èyí ni mo fẹ́. Mi ò ní sátífíkéètì kankan láti fi han ẹnikẹ́ni, mo fẹ́ kí wọ́n fi ìyẹn mọ̀ mí.

Ní ọdún kẹrin, Àǹtí Rónkẹ́ ní, "Àṣekágbá àwọn ọmọbìnrin ni lọ́la. Ìwọ ni aago." Mi ò sùn.

Àwọn aláwọ̀ ewé àti àwọn aláwọ̀ búlúù ló gbá a. Nínú àwọn aláwọ̀ ewé, ọmọ-ọmọ Bàbá Alàgbà wà níbẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n, ìjọ kan náà ni wá. Kapútẹ́nì àwọn búlúù ni ọmọbìnrin gíga kan tó ń jẹ́ Jodie, ọdún tó máa kúrò ní kọ́lẹ́jì nìyẹn. Eré náà le gan-an. Ó ku sẹ́kọ́ndì mẹ́ta, àwọn búlúù fi ayò kan ṣáájú. Àwọn aláwọ̀ ewé ló fẹ́ ju bọ́ọ̀lù wọlé. Aago dúró. Ọwọ́ mi wà lórí suwíìṣì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Àǹtí Rónkẹ́ tẹrí ba, wọ́n ń kọ nọ́ńbà ẹni tó ṣẹ̀ sínú ìwé.

Ìgbà yẹn ni Bàbá Alàgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Harpurhey ni ilé wọn, ọkọ̀ méjì ni wọ́n wọ̀, ọkọ̀ kejì sì ti pẹ́. Wọ́n ń wá ìjókòó, wọ́n gba ẹ̀yìn tábìlì wa kọjá, wọ́n rí mi, inú wọn dùn.

"Títílọpẹ́! Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o!"

Ẹ̀yin tí wọ́n bí síbí lè má mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́ lára ẹni. Màmá mi kò jẹ́ kí n jókòó kí àgbà rí. Bí àgbà bá pè ọ́, orúnkún rẹ ló kọ́kọ́ ń dáhùn. Kí n tó mọ̀, mo ti dìde lórí àga, mo ti yíjú, orúnkún mi méjèèjì ti wà nílẹ̀. "Ẹ káàsán, Sà. Ẹ kú àbọ̀, Sà." Ọwọ́ mi ti kúrò lórí suwíìṣì.

Ẹ̀yìn mi ni mo ti gbọ́ bọ́ọ̀lù. Ó ń lu ilẹ̀.

Mo fò dìde. Wọ́n ti ju bọ́ọ̀lù wọlé, aago sì wà lórí mẹ́ta síbẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́. Ọmọ-ọmọ Bàbá ti sáré dé abẹ́ àwọ̀n nígbà náà, ó jù ú, ó wọlé, ayò méjì nìyẹn, hóòn tó ń sọ pé àkókò ti pé sì dún lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn aláwọ̀ ewé fi ayò kan borí. Gbọ̀ngàn dà rú pẹ̀lú ayọ̀.

Kóòṣì àwọn búlúù sáré wá, ó ní sẹ́kọ́ndì mẹ́ta kò lè tó láti sá ìyẹn. Rẹfirí sún mọ́ tábìlì. Ojú mi ló wò. "Ṣé aago dáa?"

Gbogbo èèyàn ń wo bọ́ọ̀lù nígbà tó ṣẹlẹ̀, kò sẹ́ni tó wò mí. Èmi nìkan ni mo mọ̀. Ẹnu mi kò ṣí. Wọ́n ní ẹnu àìmẹ́nu ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu tí mo pa mọ́ ló mú ọ̀ràn bá tèmi. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Rẹfirí mú bírò, ó fọwọ́ sí ìwé ayò. Bí rẹfirí bá ti fọwọ́ sí i, ó ti parí nìyẹn, ọba kan kò lè yí i padà mọ́.

Wọ́n gbé ife fún àwọn aláwọ̀ ewé. Mo lọ sínú yàrá ìkó-ọṣẹ-sí. Àǹtí Rónkẹ́ tẹ̀ lé mi.

"Kí ló ṣe ọ́?"

"Àǹtí, aago kò tètè lọ. Bàbá Alàgbà ló kí mi. Mo kúnlẹ̀ kí wọn ni."

Wọ́n yọ gígíláàsì wọn. "O kúnlẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Nídìí aago. Ó ku sẹ́kọ́ndì mẹ́ta. O kúnlẹ̀." Wọ́n jókòó sórí korobá omi mọ́ọ̀pù tí a dojú rẹ̀ dé. "Gbogbo òfin ni mo fún ọ. Oúnjẹ, fóònù, àtẹ́wọ́. N kò rántí orúnkún. Èmi náà jẹ̀bi ìyẹn. Rẹfirí wá bi ọ́, kí lo wí?"

"Mo mi orí."

"Ìkúnlẹ̀ yẹn, àṣìṣe ni. Orí tí o mì, irọ́ ni. Dìde, jẹ́ ká lọ."

Rẹfirí la kọ́kọ́ bá. Ó gbọ́ tán, ó ní ìwé ti di títì. Lẹ́yìn náà ni Àǹtí Rónkẹ́ mú mi lọ bá àwọn búlúù fúnra wọn. Jodie jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri, táwẹ́ẹ̀lì wà lórí rẹ̀. Èmi tí n kò lè kí èèyàn mẹ́ta papọ̀, mo ní láti dúró níwájú èèyàn mẹ́rìnlá kí n sọ ohun tí mo ṣe. Ohùn mi kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kóòṣì ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ.

Jodie ká táwẹ́ẹ̀lì kúrò lójú. "O kúnlẹ̀? Torí bàbá àgbà kan kí ọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. "Ọdún mẹ́ta ni mo fi dúró de eré yìí. Mo ti parí kọ́lẹ́jì. Kò sí òmíràn." Ó fa táwẹ́ẹ̀lì padà bo ojú. Kò dárí jì mí, mi ò sì bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí. Kí ni màá fi bẹ̀ ẹ́?

Àjọ náà yọ mí kúrò lórí aago. Ní ìjọ, ọ̀rọ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan ní mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, pé mo fi san oore kóòtù òtútù fún ìdílé Bàbá. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé ife náà wá fún ìdúpẹ́, àwọn ọmọdé ń fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo wà. Bàbá Alàgbà kò tíì gbọ́ nígbà náà. Nígbà tí wọ́n gbọ́, wọ́n pè mí sí ọ̀dọ̀ wọn.

"Ṣé torí kíkí tí mo kí ọ ni?"

"Kì í ṣe ẹ̀bi yín, Sà."

"Mo ní ṣé torí rẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Sà."

Inú bí wọn. Kì í ṣe sí mi, ó jọ pé sí gbogbo ìlú yìí ni. "Iṣẹ́ wo ni èèyàn ń ṣe tí kò ní lè kí àgbà? Ó yẹ kó o fi í sílẹ̀." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo jiyàn pẹ̀lú àgbà. Mo kúnlẹ̀ jiyàn náà ni. Mo ní, "Sà, màá ṣe é títí màá fi ṣe é dáadáa."

Mo sọ èyí fún ẹ̀yin tí ẹ ń ronú iṣẹ́. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá dójú tì ọ́ ni wàá mọ̀ bóyá o fẹ́ràn rẹ̀. Ọdún méjì ni mo fi nu ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá tí mo ti mú aago. Àwọn ẹlòmíràn ń jókòó sórí àga mi. Bí fèrè bá dún, àtàǹpàkò mi á tẹ igi mọ́ọ̀pù. N kò pa ọjọ́ kan jẹ.

Àǹtí Rónkẹ́ kò fi mí sílẹ̀ náà. Nígbà tí ọdún méjì náà fẹ́ pé, wọ́n wá ẹ̀kọ́ tuntun. Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n á gbé àga sí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìjọ, wọ́n á fún mi ní aago kékeré yẹn, wọ́n á gbé fóònù wọn kalẹ̀ síwájú mi tí eré básíkẹ́tì ń lọ lórí rẹ̀. Kí n máa tẹ aago sí fèrè. Gbogbo àgbà ìjọ á sì máa jáde. "Títí, báwo ni?" "Títí, aṣọ yìí bá ọ mu." "Títí, ṣé kò sí nǹkan?" Kí n dá wọn lóhùn pẹ̀lú ẹnu nìkan. Ojú lórí eré, ìdí lórí àga.

Ẹ wo àdánwò! Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀méje ni mo dìde. Lọ́sẹ̀ kẹta, Ìyá Ìjọ dúró síwájú mi, wọ́n káwọ́ gbera. "Ọmọ Ṣágámù ni ìwọ yìí ń jókòó kí mi? Kí ni Manchester ń fún àwọn ọmọ wọ̀nyí mu?" Mo di àga mú, mo tẹ aago. Bàbá Alàgbà ló dá wọn lóhùn láti ẹ̀yìn. Wọ́n ní, "Ẹ fi ọmọ yẹn sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ló ń kọ́. Sẹ́kọ́ndì kan tèmi ti ná an ní ọdún méjì." Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé wọ́n ti gbà.

Lẹ́yìn ọdún méjì, wọ́n fún mi ní àwọn eré kéékèèké, tí èèyàn mọ́kànlá ń wò. Lẹ́yìn náà, àwọn eré àárín ọdún. Irinṣẹ́ sì ń yí padà. Àpótí onírin ni mo bá níbẹ̀, suwíìṣì rẹ̀ máa ń há, àtẹ́lẹwọ́ la fi ń tì í. Nígbà tó yá, wọ́n gbé èyí tí a ń fi ìka fọwọ́ kàn lójú dígí wá. N kò fẹ́ràn rẹ̀, kò ní ìró, ìka kò mọ̀ bóyá òun ti tẹ nǹkan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n so ẹ̀rọ kan mọ́ ìgbàdí rẹfirí, tí fèrè bá dún, aago á dúró fúnra rẹ̀. Àwọn èèyàn ní iṣẹ́ mi ti tán. Àǹtí Rónkẹ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ẹ̀rọ mọ ìgbà tí eré dúró. Kò tíì mọ ìgbà tí eré bẹ̀rẹ̀." Òótọ́ ni. Títú aago sílẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ èèyàn, ibẹ̀ gan-an ni mo sì ti ṣubú.

Ọdún karùn-ún lẹ́yìn ìṣubú mi, wọ́n fún mi ní àṣekágbá padà. Nígbà náà Àǹtí Rónkẹ́ ti fi bọ́ọ̀sì wíwà sílẹ̀, ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn. Wọ́n ní àwọn kò ní lè wá.

Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, Bàbá Alàgbà dé. Lọ́tẹ̀ yìí, wákàtí kan ṣáájú ni wọ́n dé. Wọ́n dúró síwájú tábìlì, wọ́n tún fìlà wọn ṣe. "Títílọpẹ́, dìde. Kúnlẹ̀ fún mi nísinsìnyí."

Mo dìde.

"Kúnlẹ̀ gbogbo ìkúnlẹ̀ tòní. Mo gbà á. Lẹ́yìn èyí, tí mo bá kọjá níbí, èmi kọ́ lo rí, afẹ́fẹ́ ni."

Mo kúnlẹ̀ dáadáa. Wọ́n fọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ṣàdúrà, wọ́n lọ jókòó sí òkè réré. Àwọn rẹfirí méjì ń wò wá, wọn kò mọ ohun tí à ń ṣe.

Eré náà tún wá rí bíi ti ìjọ́sí. Ayò kan ló wà láàárín, ó ku sẹ́kọ́ndì mẹ́rin, wọ́n fẹ́ ju bọ́ọ̀lù wọlé. Ìka mi wà lórí dígí. Mo gbọ́ ọ̀pá lórí ilẹ̀ lẹ́yìn mi, kò, kò, kò. Mo mọ ọ̀pá yẹn.

"Títí."

Bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ ọmọ náà, kò tíì jù ú.

"Títílọpẹ́. O ò rí mi ni?"

Mi ò yíjú. Obìnrin tó sọ mí di èèyàn ni, n kò rí wọn láti bí oṣù mẹ́ta.

"Títí, èmi ni mò ń pè ọ́ o!"

Bọ́ọ̀lù fò. Ọwọ́ kàn án. Mo tú aago sílẹ̀. Mẹ́rin, mẹ́ta, méjì, ọ̀kan, hóòn. Bọ́ọ̀lù lu irin, kò wọlé. Rẹfirí wò mí. "Ṣé aago dáa?" Mo la ẹnu mi. "Ó dáa." Ó fọwọ́ sí ìwé.

Ìgbà náà ni mo yíjú, mo sì kúnlẹ̀ lẹ́sẹ̀ Àǹtí Rónkẹ́.

Wọ́n ní, "Ẹ̀ẹ̀mélòó ni mo pè ọ́?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta, Mà."

"O gbọ́ mi."

"Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, Mà."

"Ó dáa. Dìde, ilẹ̀ tutù." Gbogbo oríyìn tí wọ́n ṣe fún mi láyé nìyẹn.

Láti ọjọ́ yẹn, ọdún méje ni mo fi di aago gbogbo àṣekágbá mú. Èyí tó kù kò gùn.

Hóòn tí mo ń sọ yìí, apá ọ̀tún mi ló máa ń wà. Ó máa ń dún bíi ti ọkọ̀ ojú omi. Èèyàn kì í ronú nípa ohun tó ń ṣe fún etí nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Ní oṣù kẹta tó kọjá, ní ọjọ́ kejì ìdíje, tó ku ẹgbẹ́ mẹ́rin, kóòṣì ẹgbẹ́ kan wá sí tábìlì láti gba ìsinmi díẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Apá ọ̀tún mi ló dúró sí. N kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ títí ẹni tó ń kọ ìwé fi na ọwọ́ kọjá níwájú mi láti tẹ hóòn.

Kóòṣì náà ni Jodie. Òun náà ti dàgbà, ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ́lẹ́jì tó ti jáde. Lẹ́yìn eré, ó wá bá mi. A ti máa ń kí ara wa ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, kò ju ìyẹn lọ.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè ọ́," ó ní.

"Mi ò gbọ́ ìkankan."

"Ẹgbẹ́ mi borí, kò dí nǹkan kan lọ́wọ́. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ó ṣe tán, ṣé aago dáa?"

Kò sẹ́ni tó rí i, àfi àwa méjì àti ẹni tó ń kọ ìwé. Àṣekágbá jẹ́ ọjọ́ kejì, orúkọ mi ló wà lára ògiri fún aago. Mo mọ bí mímì orí ṣe rọrùn tó. Mo sọ fún un pé, "Aago dáa. Etí mi ni kò dáa mọ́." Mo rìn lọ bá àwọn olórí àjọ, àwọn márùn-ún, wọ́n jókòó papọ̀ wọ́n ń mu tíì. Mo sọ ọ́ fún wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sẹ́ni tó ní kí n tún un sọ. Mo gbé kọ́kọ́rọ́ àpótí aago kalẹ̀ lórí tábìlì. Nígbà tí mo yíjú, Jodie dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó dì í mú fún ìgbà pípẹ́.

Lọ́jọ́ àṣekágbá, orí àga èrò ni mo jókòó sí fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́rìndínlógún. Ẹgbẹ́ Jodie ló ń gbá a. Àtàǹpàkò mi ń tẹ orúnkún mi ní gbogbo ìgbà tí fèrè bá dún, mo sì jẹ́ kó máa tẹ̀ ẹ́. Ó ku sẹ́kọ́ndì díẹ̀, mi ò mọ iye rẹ̀, mo rí fìlà Bàbá Alàgbà tó ń gun àtẹ̀gùn bọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Wọ́n ti darúgbó gan-an. Ọkọ̀ kejì tún ti pẹ́.

Gbogbo gbọ̀ngàn dìde, wọ́n ń kígbe sí pápá. Èmi náà dìde. Mo kọ ẹ̀yìn sí aago, mo fi orúnkún mi méjèèjì kanlẹ̀ ní àárín àwọn àga, mo kí wọn tán pátá: ẹ káàsán, ẹ kú àbọ̀, ẹ kú ọ̀nà, ilé ńkọ́, ẹsẹ̀ ńkọ́. Wọ́n ń dá mi lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Hóòn dún lẹ́yìn mi. Mi ò wẹ̀yìn.